Irin Dáínámò Mọ́tò Àlájì Sánní

Ọkùnrin mẹ́fà ló ti mọ́tò Àlájì Sánní wọ garáàjì mẹkáníìkì wa ní Komah, àdúgbò kan ní Sokodé, ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan. Àlájì fúnra rẹ̀ ló di ìdarí mú. Omi gbígbóná ń hó jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ìkòkò iṣu. Kò tíì sọ̀kalẹ̀ tó fi ń pe ọ̀gá mi pé, "Bùkárí, gbà mí o! Ọ̀túnla ni."

Ọ̀gá Bùkárí kò béèrè ohun tó wà ní ọ̀túnla. Gbogbo Sokodé ló mọ̀. Mínísítà kan ń bọ̀ láti Lomé, wọ́n á gbé e yí ìlú ká, àwọn ẹgbẹ́ ijó láti abúlé gbogbo á sì máa jó níwájú rẹ̀. Mọ́tò Àlájì ni wọ́n sọ pé yóò dúró sínú rẹ̀ tí á fi máa juwọ́. Mọ́tò Faransé àtijọ́ ni, ó dàgbà jù mí lọ, ṣùgbọ́n kò sí mọ́tò mìíràn lágbègbè wa tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn. Wọ́n wá bá Àlájì nílé rẹ̀ ní Tchamba, wọ́n sọ fún un. Wọn kò bi í bóyá ó fẹ́.

Ẹni tí kò bá gbé ayé ìgbà yẹn lè ní kí ló burú nínú kí mọ́tò bàjẹ́. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà nígbà náà, ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń jẹ́ òfin. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri, ó wà lára aṣọ tí àwọn obìnrin fi ń jó. Aládùúgbò Àlájì kan kọ̀ láti lọ síbi tí wọ́n ti ń dán ijó wò, torí pé orúnkún ń dùn ún. Ẹnì kan lọ sọ pé inú ló ń bí i sí ìjọba. Wọ́n mú un lọ. Nígbà tó padà dé, kò sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún ẹnikẹ́ni, kódà ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́. Àlájì mọ̀ pé bí mọ́tò òun bá kú láàárín èrò, tí mínísítà dúró lórí rẹ̀ bí òpó, kò sẹ́ni tí yóò sọ pé irin ló ṣẹ́. Wọ́n á ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Èmi ni Sálífù, ọmọ Kambolé, ìlú tí a ti ń sọ Yorùbá. Mo ti parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Bùkárí nígbà náà, wọ́n ti ṣe àdúà òmìnira fún mi, ṣùgbọ́n mo ṣì ń bá a ṣiṣẹ́. Ọmọ ẹ̀yà Tem ni ọ̀gá. Ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ìlú wa ló kọ́ ọ ní Yorùbá, nítorí náà bí obìnrin tó ń bá ọkọ rẹ̀ jà ló ṣe máa ń sọ ọ́. Àlájì Sánní ní tirẹ̀ ti wa ọkọ̀ akẹ́rù títí ó fi darúgbó. Ìyá rẹ̀ ti Kambolé wá, torí náà ó máa ń pè mí ní "ọmọ ìyá mi."

A ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Dáínámò, ìyẹn ẹ̀yà tó ń fún bátìrì níná, ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹran tí wọ́n so mọ́ ẹ̀ka igi. Irin tó gbé e dúró, tí àwa ń pè ní sìpọ́ọ̀, ti ṣẹ́ sí méjì, bẹ́líìtì sì ti já. Ẹ lè ní kí ni dáínámò fẹ́ ṣe fún mọ́tò tó fẹ́ fi ọ̀sán gangan yí ìlú ká. Bẹ́líìtì kan náà tó ń yí dáínámò ló ń yí fáànù àti pọ́ńpù omi. Dáínámò náà ni a sì máa ń fà síta kí bẹ́líìtì tó le. Tí kò bá ní ibi tí yóò dúró sí, fáànù kò ní yí, ẹ́ńjìnnì á hó. Mọ́tò tó ń sáré a máa rí atẹ́gùn díẹ̀ lójú ọ̀nà. Èyí tó ń rìn bí ìyàwó tuntun láàárín oòrùn, níbo ni yóò ti rí i?

Mo ní kí a fi iná jó sìpọ́ọ̀ náà pọ̀.

Ọ̀gá wò mí. "Irin wo nìyẹn?"

"Irin ni, ọ̀gá."

"Irin ni, irin ni! Ṣé gbogbo irin ni ọ̀kan náà? Ó dáa, jó o."

Mo jó o. Ó lẹ̀ dáadáa, mo tún fi fáìlì rẹ́ ojú rẹ̀ títí ó fi ń dán. Àlájì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo gbé e sílẹ̀ kó tutù, a sì ń sọ̀rọ̀ lọ nígbà tí a gbọ́ "kẹ́!" bí ìgbà tí èèpo ẹyin bá fọ́. Ó ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo jó gan-an. Ọ̀gá mú un, ó fi inú rẹ̀ hàn mí. Ó rí wóró-wóró bí iyọ̀. "Irin tí wọ́n yọ́ bí omi, tí wọ́n dà kó dì nìyí. Tí o bá fún un níná lójijì, á bínú. Mo jẹ́ kí o jó o kí o má baà gbàgbé." Títí di òní, n kò gbàgbé. Ṣùgbọ́n ojú Àlájì ni mo ń wò nígbà náà. Ó ti jókòó sórí táyà, ó ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀ láìgbé orí sókè.

"A ó ṣe òmíràn," ni ọ̀gá wí.

"Nínú kí ni?" ni mo bi í.

"Nínú ohun tí Ọlọ́run bá fún wa lẹ́yìn garáàjì."

Mo sáré gbé irin sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù wá, torí pé mo mọ̀ pé ó lágbára. Ọ̀gá ní rárá, pé ó le jù, gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì á ṣẹ́ ẹ, àti pé a ò ní rí nǹkan tí yóò lu ihò sí i lára. Irin tí a gé nígbẹ̀yìn wá láti ara egungun ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti kú, tí adìyẹ ń yé sí. A kọ́kọ́ fi páálí ṣúgà gé àwòrán sìpọ́ọ̀ àtijọ́, a gbé e lé ara ẹ́ńjìnnì, a tún un gé lẹ́ẹ̀mẹta kí ihò tó ṣe déédéé. Lẹ́yìn ìyẹn ni a wá fi ayùn gé irin. A fi iná rọ̀ ọ́, a fi òòlù tẹ̀ ẹ́, a fi ìluhò àfọwọ́yí lu ihò mẹ́ta sí i. Ihò ìkẹta ni mo fi fáìlì fà gùn, kí ó lè ṣeé ṣe láti fa dáínámò síwá-sẹ́yìn. Apá mi wú.

Ní àárọ̀ Ẹtì, a dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ọ̀gá na òwú láti ojú fáànù dé ojú dáínámò, ó pa ojú rẹ̀ kan dé. Òwú náà wọ́ díẹ̀. Bí àwọn kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì ń gbà kò bá wà lójú kan náà, bẹ́líìtì á máa jẹ ara rẹ̀. Mo gé agolo sadíìnì wẹ́wẹ́, mo fi há ẹ̀yìn bóòtì tó di sìpọ́ọ̀ mú, títí òwú fi tọ́. Ọ̀gá rí bẹ́líìtì tuntun rà lọ́jà. Nígbà tí a ti ìrun Jímọ̀ọ́ dé, a tan ẹ́ńjìnnì, a sì jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì. Kò hó. Àlájì dì mọ́ mi, ó dì mọ́ ọ̀gá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ mọ́tò.

Ó wá sọ fún mi pé, "Ọmọ ìyá mi, ìwọ lo ṣe é, ẹ̀gbẹ́ mi ni wàá jókòó sí lọ́la."

N kò lè kọ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, mo wọ bùbá funfun, mo fi sípánà méjì sápò, mo jókòó síwájú. Àlájì ń wa mọ́tò, mínísítà dúró lẹ́yìn wa, ó ń juwọ́. Èrò pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, àwọn ọmọ iléèwé ń mi àsíá. Èmi kò rí ọ̀kankan nínú wọn dáadáa. Abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn ni mo tẹjú mọ́.

Nígbà tí a dé tòsí ọjà, wọ́n dá wa dúró kí ẹgbẹ́ kan lè jó. Ijó náà kò tán. Orin kan parí, wọ́n gbé òmíràn. Mo gbọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í han lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, "hííín, hííín," bí ọmọ ajá. Abẹ́rẹ́ gbéra. Kò sí ohun tó ṣe sìpọ́ọ̀; bẹ́líìtì tuntun ló ti nà. Bẹ́líìtì tuntun a máa nà lẹ́yìn tó bá ti gbóná dáadáa, èmi tí mo ti gba òmìnira kò sì rántí pé ó yẹ kí n tún un fà ní àárọ̀.

"Àlájì," mo rọra wí, "mo gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀."

"Àwọn sójà á yìnbọn sí ẹ."

"Ẹ wo abẹ́rẹ́."

Ó wò ó. Ó pa ojú dé díẹ̀. "Lọ. Bísímílà."

Mo sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lókè. Ẹsẹ̀ mi kò tíì kanlẹ̀ dáadáa tí sójà kan fi dé ọ̀dọ̀ mi, ó fi kóńdó igi rẹ̀ ti àyà mi, ó ń bi mí ní Faransé pé níbo ni mo ń lọ. Mo sọ fún un pé bẹ́líìtì ló dẹ̀, pé bí n kò bá fà á, mọ́tò á hó mọ́ mínísítà lẹ́sẹ̀. Ó fetí sí ẹ́ńjìnnì.

"Ó ń han," ló wí.

"Ó ń han, ọ̀gá."

"Bàbá mi ní ẹ̀rọ ìlọgbàdo. Báyìí ló máa ń han. Ṣí i kíá."

Àlájì pa ẹ́ńjìnnì. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo dẹ bóòtì inú ihò gígùn náà, ṣùgbọ́n n kò ní ohun tí mo lè fi ti dáínámò síta. Sójà náà ti kóńdó rẹ̀ bọ àárín dáínámò àti ẹ́ńjìnnì, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. "Dè é!" Mo dè é. Mo gbọ́ tí mínísítà bi Àlájì léèrè ohun tí a ń ṣe.

"Atẹ́gùn ni wọ́n ń fún un, Ọ̀gá wa," Àlájì dáhùn. "Àgbàlagbà ni."

Mínísítà rẹ́rìn-ín, ó sì padà sórí ọwọ́ jíjù. Àlájì tan ẹ́ńjìnnì. Híhan náà ti lọ. Fáànù ń fẹ́ bí ìjì, abẹ́rẹ́ dúró, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Mo yíjú láti dúpẹ́, ṣùgbọ́n sójà náà ti padà sáàyè rẹ̀, ó ń wo iwájú bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. N kò mọ orúkọ rẹ̀ di òní. Mo ti ṣàdúà fún un nígbà tí mo gbàgbé àdúà ara mi.

A yí ìlú ká tán. Mínísítà sọ̀kalẹ̀, ó ní mọ́tò náà dára, ó lọ jẹun. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lójú ọ̀nà Tchamba, nígbà tí a ti jìnnà sí Sokodé, Àlájì yà sábẹ́ igi ẹ̀mì kan. Ó sọ̀kalẹ̀, ó fi iwájú orí kanlẹ̀, ó pẹ́ kó tó dìde. Nígbà tó dìde, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ó tẹ orí ba láti wo sìpọ́ọ̀ náà. Láti Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rù kò jẹ́ kó wò ó dáadáa. Ó rí ojú òòlù lára rẹ̀, ó rí ọ̀dà ọkọ̀ akẹ́rù tí kò tíì bó tán, ó rí agolo sadíìnì tó yọ etí síta.

"Sálífù," ló wí, "nǹkan yìí mà burẹ́wà o!"

Ẹ̀rín gbé mi, ó gbé òun náà. A rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀, tí a fi di igi mú kí a má baà ṣubú. Mo nu ojú mi, mo ní kó má bínú, pé tí mo bá ti rí sìpọ́ọ̀ gidi ní Lomé tàbí ní ilẹ̀ Benin, mo máa pààrọ̀ rẹ̀.

Àlájì pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó jókòó lé e lórí.

"Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án," ló wí, "èmi àti onítọ̀hún ni."