Fáólíìnì Lórí Itan Bàbá Mi

Tẹ́lọ̀ ni bàbá mi, agbádá ni wọ́n ń rán. Iwájú ilé wa ní Ẹnu Ọ̀wá ni máṣíìnì wọn wà, ẹni tó bá ń lọ sí Ìgà, ààfin ọba Èkó, gbọ́dọ̀ kí wọn kó tó kọjá. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn aṣọ tuntun lábẹ́ áyọ́ọ̀nù eléèédú, àárò ibẹ̀ á sọ mí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. A ṣáà mọ̀ pé wọ́n máa ń ta gòjé nígbà ọ̀dọ́ wọn, pé ààfáà kan ló ní kí wọ́n jáwọ́ níbẹ̀, wọ́n sì jáwọ́.

Èmi ní tèmi, akọ̀wé lọ́yà ni mí ní Igbósẹ̀rẹ̀, mo sì gbọ́n lójú ara mi. Ilé ìwé ìjọ ni mo ti kọ́ fáólíìnì. Ohun tó bá ti wà nínú ìwé orin, mo lè ta á bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ìgbà tí mo wá gbọ́ jáàsì nínú àwo orin ọ̀rẹ́ mi kan, ara mi ò balẹ̀ mọ́. Mo tọ ọ̀gá báǹdì kan lọ, ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà tó ń fọn fèrè, mo ní mo fẹ́ bá wọn ṣeré. Mo ta ohun tí mo há sórí láti inú àwo yẹn fún un.

Ó gbọ́ mi tán, ó ní, “Ọwọ́ ẹ mọ́, ṣùgbọ́n orin olórin lò ń ta. Ó níbi tí a máa dákẹ́ fún ẹ, tí wàá ta ti inú ara ẹ. Padà wá ní Sátidé. Bó bá tún jẹ́ ti inú àwo lo mú wá, má yọ ara ẹ lẹ́nu mọ́.”

Ti inú ara mi kẹ̀? Kí ló wà níbẹ̀? Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ̀yìn bàbá mi ni mo máa ń dúró sí tí mò ń gbìyànjú. Kò pẹ́ tí ìka mi á fi sá padà sínú ohun tí mo ti há sórí. Inú bí mi, mo ju fáólíìnì sórí òkìtì aṣọ.

Bàbá mi dá máṣíìnì dúró. Wọ́n ní, “Ọ̀rọ̀ tó o fẹ́ sọ lẹ́ẹ̀kan náà ti pọ̀ jù. Gbé e wá.”

Wọn ò gbé e sí èjìká. Wọ́n gbé e lé itan, bí àwọn onígòjé ṣe ń ṣe, wọ́n di ọ̀pá tí a fi ń ta á mú bí ẹni di ṣíbí mú, wọ́n dijú. Ohùn mẹ́ta péré ni wọ́n ta. Wọ́n tún un ta, wọ́n yí ìparí rẹ̀ padà. Wọ́n tún un ta, wọ́n jẹ́ kó dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó parí rẹ̀. Ohùn mẹ́ta yẹn ò yéé di tuntun, ó sì wọ̀ mí lára.

Ṣùgbọ́n ojú mi ń wo bí wọ́n ṣe gbé e. Gbogbo ohun tí olùkọ́ mi fi pàṣán kìlọ̀ fún mi ni bàbá mi ń ṣe. Mo bú sẹ́rìn-ín kí n tó mọ̀. Mo ní, “Bàbá, wọn kì í gbé e báyẹn. Òyìnbó á dákú tó bá rí yín.”

Wọ́n lajú. Wọn ò bínú. Ì bá sàn ká ní wọ́n bínú. Wọ́n fi etí aṣọ nu fáólíìnì, wọ́n dá a padà fún mi. Wọ́n ní, “Ìwọ lo kúkú mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e.” Wọ́n padà sídìí máṣíìnì.

Ní Sátidé, nígbà tí àwọn yòókù dákẹ́ fún mi, ohùn mẹ́ta ni mo mú. Mo ń yí ìparí rẹ̀ padà, mo ń jẹ́ kó dákẹ́. Ọ̀gá báǹdì ní kí n fa àga jókòó, pé mo ti di ara wọn.

Mo sáré délé lọ sọ fún bàbá mi. Wọ́n ní, “Alihamudu lilahi. Mo bá ẹ yọ̀.” Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún ta díẹ̀ fún mi. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ti di ọwọ́ abẹ́rẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n lọ́dún yẹn, mo bẹ̀ wọ́n lọ́dún tó tẹ̀ lé e, èsì kan náà ni, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ó ń dùn mí di bí mo ṣe ń sọ yìí.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí nínú gbọ̀ngàn ijó nígbà náà pé ta ló kọ́ mi ní jáàsì. Mo máa ń sọ pé èmi ni mo kọ́ ara mi. Bàbá mi ṣì wà láyé nígbà yẹn, wọ́n wà ní Ẹnu Ọ̀wá, wọ́n ń ránṣọ.