Ìyá Ẹ-Má-Ṣí-I

Ìyá Ẹ-Má-Ṣí-I ni gbogbo ilé ìwòsàn náà ń pè é, kì í sì í ṣe òun ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ló ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà ibẹ̀, ọdún mọ́kànlá ló sì ti fi ń ké ọ̀rọ̀ kan náà sí wọn létí: bí lẹ́tà bá wọ orí kọ̀ǹpútà yín, tí wọ́n so fáìlì mọ́ ọn, tí ẹ ò mọ ẹni tó fi ránṣẹ́, ẹ má ṣí i. Àwọn nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ di orin. Dókítà kan tilẹ̀ máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pé, "Ìyá, ilẹ̀kùn yìí ńkọ́, ṣé kí n ṣí i?" Òun náà á rẹ́rìn-ín, nítorí inú bíbí gan-an gba agbára.

Agbára ọ̀hún ni kò sí. Màmá rẹ̀ tó ti darúgbó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, oorun sì ti dá màmá náà sílẹ̀ tipẹ́. Á jí, á máa wá ọkọ rẹ̀ tó ti kú láti bí ogún ọdún, ọmọ rẹ̀ ni yóò sì bá a wá a káàkiri ilé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, iṣẹ́ yá.

Nínú gbogbo òṣìṣẹ́, Bàbá Káàdì nìkan ló gba ìkìlọ̀ rẹ̀ gbọ́ délẹ̀délẹ̀. Bàbá yìí ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn nísàlẹ̀. Ó ku oṣù méjì kó fẹ̀yìn tì, orúnkún sì ń dà á láàmú, síbẹ̀ lẹ́tà kan kò lè dé kó má gun àtẹ̀gùn méjìlélógún wá béèrè. Kì í pè é lórí fóònù. Ó ní ojú lọ̀rọ̀ wà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ti gòkè wá lẹ́ẹ̀mejì kí aago mẹ́wàá tó lù. Nígbà tó dé lẹ́ẹ̀kẹta, obìnrin náà wà lábẹ́ tábìlì, ó fi eyín di wáyà mú.

"Ìyá, òmíràn tún ti dé o. Wọ́n ní èsì àyẹ̀wò ni."

"Ẹ ṣí i jàre, Bàbá." Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Kó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti di bóò lọ o yà fún mi. Kọ̀ǹpútà ìsàlẹ̀ ń fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sí gbogbo òṣìṣẹ́ lórúkọ Bàbá Káàdì, àwọn tó sì mọ Bàbá sí olóòótọ́ ń ṣí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án ló kó kòkòrò tó wà nínú fáìlì náà.

Ìyá Ẹ-Má-Ṣí-I kọ́kọ́ yọ wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn gbogbo wọn kó má baà ràn sí i. Ó wá ń tọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe lábẹ́lẹ̀, títí ó fi rí àjèjì tó fi orúkọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bojú, bẹ́ẹ̀ wọn kò ní irú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ́ẹ̀ rí. Ó dá a dúró, ó yọ ọ́ kúrò níbi tó ti ń bá kọ̀ǹpútà jí láràárọ̀, ó pa fáìlì rẹ̀ rẹ́, ó sì fi fúláàṣì tó mọ́ yẹ gbogbo inú rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí kò kó nǹkan kan, ó pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù gbogbo ènìyàn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ẹ̀yìn rẹ̀ le bí pákó.

Ọ̀gá àgbà ní kó kọ ìròyìn, kó sì dárúkọ ẹni tó jẹ̀bi. Wọ́n ti bi Bàbá Káàdì, ohun tó sì sọ kò ju "Èmi ni mo ṣí i" lọ. Wọ́n fẹ́ lé e kí oṣù méjì náà tó pé, kó lọ bí olè lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Ibi tí obìnrin náà ti ń kọ ìròyìn ló ti ṣàkíyèsí àkókò tí kọ̀ǹpútà kọ sílẹ̀. Lẹ́tà dé ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, wọn kò sì ṣí i títí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fi kọjá. Kí ni Bàbá ń ṣe látìgbà yẹn? Ó wá rántí ohun tí òun sọ lábẹ́ tábìlì. Àtẹ̀gùn ló ń gùn. Ojú tì í débi pé ó pa kọ̀ǹpútà náà. Kò sẹ́ni tó mọ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀ bí òun bá pa ẹnu mọ́. Ó ronú sí i fún ìgbà díẹ̀, kí á má parọ́.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ pé èmi ni mo ní kí ẹ ṣí i? Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Mo mọ̀ pé ẹ ò wò ó. Ó yẹ kí n dúró. Àmọ́ ẹsẹ̀ yín nìkan ni mò ń rí lábẹ́ tábìlì, bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ wọ̀. Mo ní kí n má tún da obìnrin yìí láàmú."

Ó gòkè padà, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ ti Bàbá nínú ìròyìn náà, ó sì gbé e lọ fún ọ̀gá àgbà. Wọ́n ní ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó pa òwe yẹn kò bá ọ̀gá yìí ṣiṣẹ́ rí.

"Ẹ yọ orúkọ yín," ni ọ̀gá wí. "Tí mo bá lé yín, ta ni á máa tún kọ̀ǹpútà ṣe? Ti Bàbá tó."

"Ẹ yọ méjèèjì, sà, àbí kí ẹ fi méjèèjì sílẹ̀."

"Màdáàmù, ẹ máa lọ."

"Mi ò lè dìde, sà. Kì í ṣe pé mo ń ṣagídí. Ó ti rẹ̀ mí ni."

Òótọ́ ló sọ. Ó jókòó síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ọ̀gá wo aago ara ògiri, ó tún wo obìnrin náà. Nígbà tó pẹ́, ó mú bírò, ó fa ìlà pa orúkọ Bàbá Káàdì, ó sì fa òmíràn pa ti obìnrin náà.