Apá Òsì Kẹ̀kẹ́ Bàbá Apínlẹ́tà

Ọjọ́ tí Kò-Tíì-Bàjẹ́ lé àjèjì kan wọ àgọ́ ọlọ́pàá ni ìtàn rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù, òun náà la ó sì fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá yìí jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń fi àkísà nu irin, ni ọkùnrin kan bá gun ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ kọjá. Bàbá ò wo ojú ẹni tó gùn ún. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yí ló wò. Ó fò dìde, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lábẹ́ àpótí, sípánà lọ́wọ́, ó gbá tẹ̀lé e. Ó ń pariwo pé kó dúró, pé òun ò gba kẹ̀kẹ́, irin apá òsì rẹ̀ nìkan lòun fẹ́ tú. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ló máa gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu ẹni tó mú sípánà lọ́wọ́, tó máa dúró? Ọkùnrin náà tẹ kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀, ó di àgọ́ ọlọ́pàá.

Ọ̀gá ọlọ́pàá bi Bàbá pé kí ló fẹ́ fi sípánà ṣe. Ohun tí kò yẹ kó béèrè gan-an nìyẹn. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, ó ní kíráǹkì ni wọ́n ń pe irin méjì tí pẹ́dàlì wà lórí wọn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, pé ó ti pẹ́ tí wọn ò ti ṣe irú èyí mọ́, pé oṣù mẹ́jọ gbáko lòun ti ń wá ti apá òsì fún kẹ̀kẹ́ oníbàárà òun kan. Ó sọ ọ́ títí wákàtí kan fi kọjá. Kó tó dákẹ́, ọlọ́pàá méjì ti lọ gbé kẹ̀kẹ́ tiwọn wá látẹ̀yìn pé kó bá àwọn wò ó.

Àjèjì náà kọ̀, kò ta irin. Bàbá bá fa kẹ̀kẹ́ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lé e lọ́wọ́, ó gba ògbólógbòó, ó ń tì í lọ sílé tayọ̀tayọ̀. Nígbà tó délé tó wọ̀n ọ́n, irin náà fi ìbú èékánná kan gùn ju ti apá ọ̀tún kẹ̀kẹ́ oníbàárà náà lọ. Ẹlòmíì ì bá so ó mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ta ni yóò mọ̀. Bàbá ní ẹsẹ̀ á mọ̀.

Kò-Tíì-Bàjẹ́ kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi wá a. Kẹ̀kẹ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù gùn kọjá, tó ti lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fún, tí o bá gbé e dé iwájú rẹ̀, á yí i síbí, á yí i sọ́hùn-ún, á ní, "Kò tíì bàjẹ́." Bẹ́ẹ̀ náà ló ń sọ nípa ọbẹ̀ tó ti kan. Ehín rẹ̀ tó ń mì fún ọdún méjì gan-an, ohun tó sọ fún dókítà nìyẹn, ehín náà sì ti wà lọ́wọ́ dókítà nígbà tó ń sọ ọ́.

Píìnì kékeré kan ló máa ń di irú kíráǹkì àtijọ́ bẹ́ẹ̀ mú mọ́ ọ̀pá àárín. Tó bá ti dógùn-ún, àwọn oníkẹ̀kẹ́ yòókù a fi òòlù gbá a, wọn a sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bàbá ò jẹ́ gbá a láéláé. Inú epo kẹrosíìnì ló ń rẹ ẹ́ sí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nínú ìkòkò ìyàwó rẹ̀. Oníbàárà tó bá ń kánjú, á bi í pé irin tí kò fọhùn láti ogún ọdún, ṣé àárọ̀ kan ló fẹ́ kó dáhùn ni. Ìyàwó rẹ̀ ní tòun kọ́ nìyẹn, òun kàn fẹ́ mọ ìkòkò tó ṣẹ́ kù tóun lè fi se oúnjẹ.

Ní ti onírin àlòkù, Bàbá gbà pé ẹni tó bá jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tóun fẹ́ rà ti gbé. Torí náà, tó bá rí kíráǹkì, kò ní wò ó. Àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni yóò ná, á ná an gan-an, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Tó bá wá sanwó àga tán, á ní kí wọ́n fi irin kékeré yẹn ṣe ènì fóun. Onírin náà ò gọ̀. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í to kíráǹkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tí kò rí tà. Bí Bàbá ṣe ní kẹ́túlù mẹ́rin tí kò lẹ́nu nìyẹn, àti ilẹ̀kùn kan tí kò bá ojú ọ̀nà kankan mu.

Ẹni tó jìyà rẹ̀ jù ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ránṣọ ní yàrá kejì. Téèpù tó fi ń wọn àwọn oníbàárà ni Bàbá fi ń wọn irin. Àìmọye obìnrin ló ti kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìlà gíríìsì dúdú yí ìbàdí ká. Inú bí i títí, ó lọ ra téèpù kejì. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé ẹyọ kan ò tó òun.

Kẹ̀kẹ́ tó fa wàhálà ọjọ́ ọlọ́pàá yẹn, ti Bàbá Apínlẹ́tà ni. Ọgbọ̀n ọdún ló fi pín lẹ́tà kiri, ọdún tí ìyàwó rẹ̀ kú ni apá òsì kíráǹkì rẹ̀ dá. Kò-Tíì-Bàjẹ́ gba kẹ̀kẹ́ náà, ó sì sọ lójú gbogbo ènìyàn pé òun ò ní kú kí kẹ̀kẹ́ yẹn tó fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró. Láti ìgbà náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Bàbá Apínlẹ́tà ń wá béèrè bóyá wọ́n ti rí i. Bàbá á ní àwọn ò tíì rí i. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn méjèèjì á jókòó, wọ́n á máa jiyàn títí di ìrọ̀lẹ́. Ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá wá kú wọ́ọ́rọ́wọ́, lórí àga rẹ̀, lọ́sàn-án. Onílé ní kí wọ́n kó ṣọ́ọ̀bù kúrò kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ọmọ rẹ̀ dá kẹ̀kẹ́ olóníkẹ̀kẹ́ padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ku ẹyọ kan, ti Bàbá Apínlẹ́tà. Ó sì gbọ́ tí onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Kò-Tíì-Bàjẹ́ lọ, ó fi èyí tó bàjẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọra. Ó jókòó sílẹ̀, ó wọn gbogbo kíráǹkì tó wà nílẹ̀, wọ́n lé ní igba, kò sí èyí tó bá a mu. Kò fẹ́ kó jẹ́ pé irin kan ṣoṣo tó kù yìí ni wọ́n á fi máa rántí bàbá òun.

Lọ́jọ́rú, ó wà nílé ìdáná pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Èéfín pọ̀, ìyá ní kó ṣí fèrèsé. Irin kan ni wọ́n fi ń gbé fèrèsé yẹn dúró, ó ti wà níbẹ̀ láti kékeré rẹ̀. Ó mú un, ọwọ́ rẹ̀ dá a mọ̀. Ó fa téèpù lọ́rùn, ó wọ̀n ọ́n. Ó ṣe rẹ́gí.

"Màámi," ó ní, "ohun tí Bàbá ń wá láti ọdún mẹ́rìnlá rèé."

Ìyá ò gbójú kúrò lára àlùbọ́sà tó ń gé. "Ó mọ̀. Ọjọ́ tó ti àgọ́ ọlọ́pàá dé ló ti wọ̀n ọ́n. Ó wò ó títí, ó dá a padà síbẹ̀."

Ọmọ rẹ̀ ní ṣé ojú ló ń tì í, nítorí kẹ̀kẹ́ tuntun tó gbé fúnni lásán? Ìyá ní òun náà rò bẹ́ẹ̀, odindi oṣù kan lòun fi ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

"Ó wá bi mí pé tóun bá tún un ṣe tán, ṣé kí Bàbá Apínlẹ́tà lọ máa dá jókòó sílé ni? Mi ò dárúkọ fèrèsé mọ́."

Ó pẹ́ kí ọmọ náà tó dìde. Bàbá ti lọ, ṣọ́ọ̀bù ń lọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò wá ní kẹ̀kẹ́, kò ní ibi tó ń lọ. Ó mú irin náà, ó fi epo nù ún, ó rọra ki píìnì bọ̀ ọ́. Pẹ́dàlì kọ̀, kò wọlé. Ó bá a jà títí tó fi rántí ohùn Bàbá pé ti apá òsì, òdìkejì ni wọ́n ń yí i. Ó yí i sódì, ó wọlé wẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́bọ̀, Bàbá Apínlẹ́tà dé lákòókò tó máa ń dé, ó de bọ́tìnnì dé ọrùn bí ẹni tó ń lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ó bá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní ìdúró. Ó fi àtàǹpàkò ra irin apá òsì náà títí.

"Fèrèsé ilé ìdáná yín ńkọ́?" ó ní. "Kí lẹ fi gbé e dúró báyìí?"

Àgbàlagbà náà ní ọdún àkọ́kọ́ tóun wọlé wọn lọ mu omi lòun ti rí i. Òun ò lè sọ. Tóun bá sọ, wọ́n á tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ibo lòun ó wá máa lọ lọ́jọ́bọ̀? Àṣé bí àwọn àgbà méjì ṣe ń fi irin kan ṣoṣo pamọ́ fún ara wọn nìyẹn, tí ìyàwó ilé ń fi ṣí fèrèsé. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà pọ̀ débi tó fi di omijé. Àárò bàbá rẹ̀ sọ ọ́ gan-an, ó sì ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀.

"Èyí tó gùn jù la fi gbé e dúró, Bàbá," ó ní. "Èyí tí wọ́n gbà lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá."

Bàbá Apínlẹ́tà gun kẹ̀kẹ́, ó yí iwájú ṣọ́ọ̀bù po lẹ́ẹ̀kan. Onígbàjámọ̀ òdìkejì jáde wá wò ó, abẹ lọ́wọ́. Kẹ̀kẹ́ náà ń lọ geere, kò dún rárá. Àgbàlagbà náà sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ́tí sí i fún ìgbà díẹ̀.

"Ó ń dún díẹ̀," ó ní. "Bóyá kí n gbé e padà wá lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀."

"Ó ń dún lóòótọ́, Bàbá. Ẹ gbé e wá sílé. Àga Bàbá á wà nílé ìdáná, lábẹ́ fèrèsé."