Eyín Àwọn Obìnrin Ilé Wa

Ọkùnrin ni kọ̀ǹpútà dókítà eyín kan pè mí, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ọ̀yẹ́, níṣojú gbogbo ẹgbẹ́ ìyá.

Ìwádìí ló wá ṣe. Bí iná bá jó èèyàn kọjá ìdámọ̀, eyín lè sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, torí eyín ajá ọkùnrin, ìyẹn èyí tó mú ṣóńṣó, sábà máa ń fẹ̀ jù. Ó ń fi irin tín-ínrín wọn tiwa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tẹ iye rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Obìnrin ni gbogbo wọn, àfi èmi.

“Bàbá, ẹ kú ìjókòó o,” ni olórí akọrin wa wí. Ẹ̀rín sọ.

“Ẹ má bínú, mà,” ni dókítà wí. “Màá yọ tiyín kúrò nínú iṣẹ́ náà.”

Ibẹ̀ gan-an ni inú ti bí mi. Àkọ́kọ́, kò gbé irin náà sí ibi tí eyín mi ti fẹ̀ jù. Mo ní kó tún un wọ̀n. Ọkùnrin náà ló tún pè mí. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ara eyín àwọn ará òkè òkun ni wọ́n ti ṣe ìṣirò tó ń lò. Èyí tó wá burú jù ni yíyọ yẹn.

“Tẹ́ ẹ bá ń yọ gbogbo obìnrin tí eyín ẹ̀ tóbi, báwo ni ìṣirò yín ṣe máa kùnà láé? Lọ́jọ́ tí iná bá jó mi, tí àwọn ọmọ mi ń wá ìyá wọn, ọkùnrin lẹ máa ní ẹ rí.”

Ó wá béèrè bóyá ẹlòmíì nílé wa ní irú eyín yìí.

Ní Sátidé, èmi àti ẹ̀ gun ọ̀kadà lọ sí Ìrè, níbi tí ìyá mi ń gbé. Ó wọn eyín ìyá mi, ó wọn ti àbúrò wọn obìnrin. Ọkùnrin ni kọ̀ǹpútà pe àwọn méjèèjì.

“Dókítà,” ni ìyá mi wí, “ta ló wá bí èyí tó mú ọ wá síbí?”

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni àbúrò wọn dá sí i, “mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹ̀yin ni baálé ulé yìí.”

Dókítà rẹ́rìn-ín títí irin fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ò ní yọ ẹnikẹ́ni nínú wa mọ́. Eyín àwọn ará ibí lòun máa fi ṣe ìṣirò tuntun, òun á sì kọ ọ́ kedere pé ó lè ṣi obìnrin pè ní ọkùnrin.

Mo ní màá ka ohun tó bá kọ kó tó fi ránṣẹ́. Ìyá mi ní kí n jẹ́ kó jẹun ná. Mo bu ọbẹ̀ fún un, mo sì fi ẹran kún un.