Oko Méjì, Ìpele àti Ute

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ní ọdún 1999. Àwa mẹ́rin la wà nínú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó wà lọ́nà Poli ní Ọ̀wọ̀: èmi, ọmọbìnrin tó ń báni tẹ̀wé, àti akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí wọ́n ń dúró de ìwé tiwọn. Mò ń retí tẹlifóònù láti Lọ́ńdọ̀nù.

Ọmọ ọmọ mi tó ń gbé níbẹ̀ ni mò ń kọ́ ní Yorùbá. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, kò dé Ọ̀wọ̀ rí. Ìyàwó mi ti kú ní ọdún tó ṣáájú, a sì fẹ́ ṣe ìrántí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ọ̀wọ̀. Ọmọ náà ni yóò ka ọ̀rọ̀ nípa ìyá àgbà rẹ̀. Ìlà mẹ́jọ ni mo kọ. Èyí tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé ó ní oko méjì, ọ̀kan ní Ìpele, èkejì ní Ute. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi dá méjèèjì. Mo fẹ́ kí ìjọ gbọ́ ọ.

Lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà, ìyẹn í-meèlì tí a fi kọ ọ́ ránṣẹ́, ló dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, gbogbo àmì mi ti di àmì ìbéèrè kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ọmọbìnrin náà ní ká kúkú tẹ ẹ́ láìsí àmì. Ó dùn mí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí kí n tó jókòó ní kíláàsì kìíní, láàárín àwọn ọmọ tí orí wọn kò kọjá ìgbáròkó mi. Àmì orí ọ̀rọ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ jù wọ́n lọ, òun náà ni mo sì fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ohun tó lé ní ogún ọdún.

Mo wá ronú kan dò-re-mí. Mo ní kí ọmọbìnrin náà tẹ ohùn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó sì tún un fi ránṣẹ́. Akọrin ni ọmọ náà, yóò mọ̀ ọ́n. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Tẹlifóònù dún. Ìyá ọmọ náà kí mi, ó ní iṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù kò tíì jẹ́ kóun gbọ́ bó ṣe ń kà á, ó sì gbé e fún ọmọ. Nítorí etí mi tí kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ọmọbìnrin náà tẹ tẹlifóònù kí ohùn rẹ̀ lè jáde síta. Ó ń kà á lọ. Ohùn rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀, bí mo ṣe fẹ́ gan-an.

"Ìyá àgbà mi ní ọkọ méjì, ọ̀kan ní Ìpele, èkejì ní Ute."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ̀yin ni ti Ìpele àbí ti Ute?"

Re-re ni oko, re-re náà ni ọkọ. Àmì abẹ́ lẹ́tà nìkan ló yà wọ́n. Nígbà tí kò sì sí àmì lábẹ́ lẹ́tà kankan, ọmọ náà ti ń fi í kún un fúnra rẹ̀. Ọkọ ló mọ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń pe bàbá rẹ̀ lójoojúmọ́.

Mo ní, "Oko ni, kì í ṣe ọkọ."

"Kí ni oko, Bàbá àgbà?"

Mo ní ibi tí a ti ń gbin nǹkan ni. Ó béèrè bóyá ẹ̀yìnkùlé ni. Ìyá rẹ̀ gba tẹlifóònù, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká yọ ìlà yẹn. Bó bá ṣì í kà níwájú ìjọ ńkọ́?"

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Síbẹ̀ mo ní mi ò ní yọ ọ́. Kí n tó sọ ìdí rẹ̀, ìlà tẹlifóònù gé. A dúró dè wọ́n fún wákàtí kan, wọn ò pè mọ́. Ọmọbìnrin náà ní kí n má bínú, pé kọ̀ǹpútà ò gbọ́ Yorùbá. Mo ká ìwé mi, mo jáde.

Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìsìn ìrántí náà ni ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ yóò dé láti Lọ́ńdọ̀nù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo mú àdá, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìpele. Igbó ti bo ọ̀nà oko ìyàwó mi. Mo ṣán an láti ẹ̀bá títì títí dé ìdí kòkó àkọ́kọ́, mo ṣán an fẹ̀ tó fún àgbàlagbà àti ọmọdé láti rìn pọ̀.