Sólà Níbi Ìsáṣọ

Iṣẹ́ mi ní Àpápá ni kíkọ ohun tó bá jáde nínú kọ̀ǹténà sílẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ló ń kún ìwé mi. Sólà kì í ju páálí díẹ̀ lọ. Ní báyìí, mo lè kọ sólà láti àárọ̀ dalẹ́ kí n má fojú kan jẹnẹrétọ̀ kankan. Ẹni tó ń wa fọ́kílíìfù, ọkọ̀ tó ń gbẹ́rù wa, sọ pé ní Ṣáínà tí wọ́n ti ń kó wọn wá, ilé iṣẹ́ tó ń fi oòrùn àti atẹ́gùn pèsè iná ni wọ́n ń kọ́ ju ti epo àti èédú lọ.

"Àǹtí, gbogbo ayé á ti ṣíwọ́, àwa á ṣì máa fa èéfín símú l'Ájégúnlẹ̀."

Mo mọ ilé tí mò ń padà sí.

Bàbá onílé wa ló ni jẹnẹrétọ̀ ńlá tí gbogbo ilé so iná mọ́. Ìgbà tó bá wù ú ló ń tàn án. Ìyá mi ní àtọ̀gbẹ, ínsúlìn tó ń gún kò sì gbọ́dọ̀ kúrò nínú òtútù. Tìtorí èyí nìkan ni mo ṣe ra sólà kan, bátìrì kan àti fíríìjì kékeré.

Bàbá onílé kò jẹ́ kí n gbé e sórí òrùlé. "Kí o lu páànù mi jò? O ò tó bẹ́ẹ̀!"

Mo gbé e lé búlọ́ọ̀kù mẹ́rin lẹ́yìnkùlé, níbi kan ṣoṣo tí oòrùn ń dé. Ibẹ̀ náà la ti ń sá aṣọ. Òfin ilé ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ fọṣọ ló ni ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi gbà á títí láé, mi ò bi ẹnikẹ́ni. Àṣìṣe mi nìyẹn, mo gbà.

Ìyàwó bàbá onílé kò bá mi sọ ọ́. Ńṣe ló sá aṣọ tútù bo sólà.

"Mà, tí aṣọ bá bò ó, kò ní gba oòrùn."

"Ṣé ìwọ lo ra oòrùn ni? Dígí rẹ ń gbóná, aṣọ mi ń tètè gbẹ. Ó yẹ kínú rẹ dùn!"

Àwọn ayálégbé rẹ́rìn-ín.

"Oògùn ìyá mi ló wà fún, mà."

"Kí ìyá rẹ lọ máa gbé ní Àpápá tí iná wà!"

Ojoojúmọ́ ni mo ń ká aṣọ rẹ̀ sórí àga, ojoojúmọ́ ló ń dá a padà. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá aṣọ ìbùsùn lórí sólà, òkúta ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bátìrì ti kú. Mo gbé ìgò ínsúlìn sókè: ó gbóná bí ara èèyàn, inú rẹ̀ ti ṣù. Kò sí òmíràn nílé.

Mo ká aṣọ ìbùsùn náà, mo rì í sínú gọ́tà iwájú ilé, mo fi igi tì í mọ́lẹ̀. Ìyàwó bàbá onílé figbe ta. Ọkọ rẹ̀ jáde.

"Kó ẹrù rẹ kúrò nílé mi!"

"Màá kó o, sà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá oògùn ìyá mi."

Kẹ́míìsì kẹta ni mo ti rí i. Òpópónà mìíràn la ń gbé báyìí, sólà wà lórí òrùlé. Tí mo bá pàdé obìnrin náà lọ́jà, mo máa ń wò ó lójú, mi ò sì ní kí i.