Maribeth Gbé Omi Kaná

Ní ọjọ́ kejì tí Maribeth Hoekstra dé ibi iṣẹ́ wa, Wilf gbójú sókè lórí gíláàsì fèrèsé tó ń nù, ó ní, "Ọmọ dáadáa, bá wa gbé omi kaná." Maribeth fò dìde tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó bu omi sínú kẹ́tù, ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ó sì padà wá jókòó. Omi hó. Kẹ́tù pa ara rẹ̀. Àwa mẹ́ta tó kù ń wo ara wa lábẹ́lẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Nígbà tó pẹ́, Pauline dìde, ó tún omi náà gbé kaná, ó po tíì fún gbogbo wa, títí kan Maribeth, tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ilé ta lọ́rẹ.

Èmi ńkọ́? Mo ti ki orí bọ abẹ́ tábìlì bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́, mo ń rẹ́rìn-ín.

Ní ìlú York níbí, bí wọ́n bá ní kí o gbé omi kaná, ọ̀rọ̀ omi kọ́ rárá. Wọ́n ní kí o po tíì ni. Kí o mọ̀ pé Wilf fẹ́ kí tirẹ̀ pọ́n bíi bíríkì, pé Pauline kì í fi ṣúgà sí tirẹ̀ ṣùgbọ́n ó máa ń jí ṣúgà lá, kí o gbé e dé iwájú kálukú, kí o sì wá bisikíìtì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ní Michigan, lódìkejì òkun, níbi tí wọ́n ti bí Maribeth, kálukú ló ń gbé kọfí tirẹ̀ kiri nínú ike bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Bí o bá ní kí Maribeth gbé omi kaná, omi náà ni yóò gbé kaná. Ọmọ tó gbọ́ràn ni. Ó gbé e kaná lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ méje gbáko.

Kò sì sí ẹni tó sọ fún un. Àwa ará ibí, kàkà kí a sọ fún àlejò pé ó ṣìṣe, òùngbẹ á gbẹ wá pa. A ó kàn máa sọ̀rọ̀ òjò ni.

Fèrèsé aláràbarà inú ṣọ́ọ̀ṣì là ń tún ṣe, àwọn èyí tí gíláàsì wọn ti là tàbí tí òjé tó so wọ́n pọ̀ ti rẹ̀ wọ̀ọ̀. Wilf Ackroyd ló ni ibi iṣẹ́ náà. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni, irun àgbọ̀n rẹ̀ pọ̀ ju ti orí lọ, a kì í sì í pè é ní ọ̀gá, Wilf là ń pè é. Pauline ló ń fi òjé so gíláàsì. Èmi, Nell, ló ń ya àwòrán rẹ̀ sórí bébà. Maribeth ní tirẹ̀, ẹni ogún ọdún, ilé ẹ̀kọ́ gíga rẹ̀ ló rán an wá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kọ́ṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní kó mú bọ̀: ó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gíláàsì kan, ó kéré ni, ó tóbi ni, tí yóò wọ inú fèrèsé gidi, kí Wilf sì kọ lẹ́tà pé òun ló ṣe é. Láìsí ìyẹn, wọn kò ní gbà á sí kíláàsì àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe lọ́dún tó ń bọ̀, ohun tó sì ti ń lá àlá rẹ̀ láti kékeré nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ keje ń parí lọ, ilẹ̀ gbígbá àti búrọ́ọ̀ṣì fífọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń kàn.

Inú ilé kan náà là ń gbé, yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, kò sí ohun tí n kò mọ̀ nípa rẹ̀. Aago mẹ́fà ló ń jí. Yóò sá aṣọ sẹ́yìnkùlé bí oòrùn bá yọ, yóò sáré kó o wọlé bí òjò bá dé, yóò tún sá a, ìgbà márùn-ún láàárín òwúrọ̀ kan, kò ní bínú. Bó bá fẹ́ sọdá títì, ọwọ́ tí ọkọ̀ kò ti ń bọ̀ ló máa kọ́kọ́ wò; mo ti fa kóòtù rẹ̀ ya lẹ́yìn nítorí ìyẹn. Nínú bọ́ọ̀sì, ó máa ń kí gbogbo èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń béèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Ìyá àgbà kan tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ kó tó dé ibi tó ń lọ.

Bó bá di Sátidé, ìrìn dé nìyẹn. Ó ní ìwé pélébé kan tó kọ ibi mọ́kànlélógójì sí, ibi tó gbọ́dọ̀ fojú rí kó tó lọ, èmi sì ni atọ́nà. A gun orí ilé ìṣọ́ Minster, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú wa, ó ka àtẹ̀gùn rẹ̀, ó ní àwọn tó kọ iye rẹ̀ sára pátákó fi méjì ṣì í. A rin orí odi ìlú yípo. Ibi gbogbo tí a bá dé, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri, yóò ní, "Nell, ògiri yìí dàgbà ju orílẹ̀-èdè mi lọ!" Ó sọ ọ́ lórí odi, ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì sọ ọ́ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ọtí kan. Ọdún tó kọjá ni wọ́n mọ tọ̀hún.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣé kí ẹnu má yún èèyàn? Lọ́jọ́ kan létí odò, mo sọ fún un pé òfin àtijọ́ ìlú wa ni pé kí àlejò tẹríba fún àwọn pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́rùn gígùn tó ń jẹko níbẹ̀, kó sì dárúkọ ara rẹ̀ fún wọn. Mo fi orúkọ ìyá mi búra. Maribeth ṣí fìlà. "Maribeth Hoekstra ni mí, láti Michigan. Ẹ kú ìjẹko o." Ó kí mẹ́jọ. Ìkẹsàn-án lé e dé orí afárá. Nígbà tó mọ̀ pé irọ́ ni, ó fi fìlà náà nà mí, ó rẹ́rìn-ín títí òsúkè fi mú un, ó sì sọ pé bí Nell bá ní ilẹ̀ ti mọ́, òun á kọ́kọ́ lọ ṣí fèrèsé wò.

Ní Fúráìdé ọ̀sẹ̀ keje, mo lọ mú bébà lẹ́yìn ilé, mo sì gbọ́ ohùn Pauline.

"Wilf, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù fún ọmọ yẹn o. Ṣé ẹ ò ní fún un ní nǹkan ṣe ni?"

Wilf mí kanlẹ̀. "Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ìwọ náà rí bó ṣe ń ṣe. Á gbé omi kaná, kò ní parí ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje, Pauline! Kò bi ẹnikẹ́ni rí bóyá òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ẹni tó ń fi nǹkan sílẹ̀ láàbọ̀, ṣé òun ni n máa gbé gíláàsì ẹgbẹ̀ta ọdún lé lọ́wọ́?"

"Ẹ sọ fún un nígbà náà."

"Kí n sọ kí ni? Báwo lèèyàn tiẹ̀ ṣe ń sọ irú ẹ̀?"

Ẹ̀rín tí mo ti ń rín láti ọ̀sẹ̀ méje gan mọ́ mi lẹ́nu. Mo ti rò pé tíì lásán ni mò ń fi ṣeré. N kò mọ̀ pé kíláàsì Maribeth wà nínú kẹ́tù náà.

Lọ́jọ́ kejì, a wọ ọkọ̀ lọ sí Whitby. A ra ẹja díndín àti ọ̀dùnkún díndín, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì létí òkun, nínú afẹ́fẹ́ tó fẹ́ gbé wa lọ. Maribeth kò tíì gé ẹja rẹ̀ jẹ tí ẹyẹ òkun kan fi já wálẹ̀, tó gba odindi rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o!" ni Maribeth fi ránṣẹ́ sí i. Mo pín tèmi sí méjì fún un. Mo ní àsìkò ti tó.

"Maribeth, gbọ́. Tí Wilf bá ní kó o gbé omi kaná, tíì ló ní kó o pò. Fún gbogbo wa. Torí pé o kì í pò ó ni ò ṣe fún ẹ ní gíláàsì."

Ó wò mí. Ó gbé ọ̀dùnkún ẹnu rẹ̀ mì. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. "Ó tún ti dé! Pẹ́pẹ́yẹ ò tó ẹ, ó wá kan kẹ́tù!"

"Mo fi orúkọ ìyá mi búra."

"O fi búra létí odò náà."

Kí ni n ó sọ? "Òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí."

"Nell, tó o bá fẹ́ kí n máa po tíì fún ẹ, ṣáà sọ bẹ́ẹ̀. Má fi Wilf bo ara ẹ. Ọkùnrin tó dáa tó yẹn, á wá torí ife tíì kan bínú sí mi?"

Mo bẹ̀ ẹ́ títí ọkọ̀ fi gbé wa padà délé. Bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́ tó ló ń rẹ́rìn-ín tó. Èmi ni mo ti fi irọ́ ba ọjà òótọ́ jẹ́, ta ni yóò wá rà á lọ́wọ́ mi?

Mo pinnu pé tó bá di Mọ́ńdè, n ó ní kí Pauline bá mi jẹ́rìí. Maribeth kò jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀. Wilf kò tíì ní "Ọmọ dáadáa, bá wa" tán tó fi dìde sáàárín ilé.

"Sà," ó ní, Wilf sì bojú wẹ̀yìn wo ẹni tó wọlé, nítorí kò sẹ́lòmíràn tó ń pè é bẹ́ẹ̀. "Sà, ẹ bá mi bá Nell wí. Ó ní torí pé n kì í po tíì fún yín lẹ ò ṣe jẹ́ kí n fọwọ́ kan gíláàsì. Ẹ sọ fún un pé àwàdà ẹ̀ ò níyọ̀."

Pauline gbé irin gbígbóná tó fi ń yọ́ òjé dání lófuurufú, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Etí Wilf pọ́n, pípọ́n náà rìn dé ọrùn rẹ̀. Ó wo ìta.

"Ó dà bíi pé òjò máa rọ̀," ó wí.

Ẹ̀rín kúrò lójú Maribeth díẹ̀díẹ̀. "Sà? Òótọ́ ni?"

"Ọ̀rọ̀ tíì gan-an kọ́," Wilf ń wá ọ̀rọ̀. "Ó kàn jẹ́ pé... èèyàn a máa parí ohun tó bá bẹ̀rẹ̀."

"Ṣùgbọ́n mo parí ẹ̀! Ẹ ní kí n gbé omi kaná, mo gbé e kaná. Lójoojúmọ́! Mo tiẹ̀ máa ń wò ó pé, kí làwọn èèyàn yìí ń fi omi yìí ṣe? Mo rò pé kí ilé lè móoru ni!"

Pauline ju irin sílẹ̀. "Kí ilé lè móoru!" Ó di tábìlì mú, omijé ẹ̀rín ń bọ́ lójú rẹ̀. "Wilf, ọmọ yìí ò jẹ̀bi. Gbogbo ohun tí ẹ sọ ló ṣe. Èyí tí ẹ ò sọ ni ò ṣe."

Wilf họ irùngbọ̀n rẹ̀. "Ṣé wọn kì í gbé omi kaná ní Michigan ni?"

"À ń gbé e kaná tá a bá fẹ́ omi gbígbóná, sà!"

Ẹ̀rín gba ẹnu Wilf jáde láìròtẹ́lẹ̀. "Má bínú, ọmọ. Ó yẹ kí n ti la ẹnu." Ló bá yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́, Nell? O mọ̀ látọjọ́ kìíní, o ń jẹ̀gbádùn. Látòní lọ, ìwọ lo máa po tíì wa títí di Kérésìmesì."

"Ó di ọ̀la," Maribeth wí. "Tòní, èmi ni." Ó mú bébà, ó bi kálukú bó ṣe ń mu tirẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìwé oògùn. Ó gbé ife mẹ́rin dé. Áà! Ewé tíì náà ṣáà wẹ̀ nínú omi náà ni, ó sì jáde. Tíì funfun bí omi tí wọ́n fi ṣan ife mílíìkì. Pauline mu ún. Èmi náà mu ún. Wilf mu ẹnu kan, ó la ẹnu, ó pa á dé, ó tún là á, bí ẹni tó fẹ́ gbé àpò símẹ́ńtì.

"Maribeth," ó ní, "tíì yìí ò dáa."

Maribeth pàtẹ́wọ́. "Ẹ ṣé! Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa sọ ọ́!" Ó sáré lọ po òmíràn. Ìkẹta ló pọ́n.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Wilf pè é síbi tábìlì tirẹ̀. Fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì abúlé kan wà níwájú rẹ̀, ewé àjàrà kan ti sọnù létí rẹ̀. "Ya òmíràn sórí gíláàsì," ó wí. Maribeth yà á. Wilf ní kò dáa. Ó tún un yà, Wilf ní kò dáa. Ọkùnrin náà ti wá ń gbádùn ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbọ́ ọ, kò sunkún, ó ń béèrè ibi tó kù sí ni, Wilf sì ń fi ìka tọ́ka sí i. Ìkẹrin jáde ní Fúráìdé nínú ààrò tí a ti ń sun ọ̀dà mọ́ gíláàsì. Wilf gbé e síwájú oòrùn. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ìyẹn á wọlé," ó wí, ó sì na abẹ́rẹ́ kan sí i.

Àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí a máa fi abẹ́rẹ́ ha orúkọ wa sí etí gíláàsì, níbi tí òjé yóò bò. Ẹnikẹ́ni kò ní rí i títí wọ́n ó fi tún fèrèsé náà tú, bóyá lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún. Maribeth ha orúkọ rẹ̀, ó ha ti bàbá rẹ̀, ó ha Michigan, ó yí ewé náà ká tán.

"Ṣé kò ku nọ́ńbà fóònù?" Wilf bi í.

"Ṣé àyè wà?"

"Ẹ yára o," Pauline wí, òjé wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ebi ń pa mí."

Ṣùgbọ́n Maribeth ti ń pe ìyá rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa. Obìnrin náà yọ lójú fóònù, irun rẹ̀ rí wúruwùru. Ó wo ewé náà, ó ní ó lẹ́wà, ó wá béèrè pé kí ló dé tí wọ́n fẹ́ fi òjé bo orúkọ ọmọ òun.

Àwa mẹ́ta wo Wilf. Ó sún mọ́ fóònù náà.

"Fèrèsé ò lè dúró láìsí òjé, ìyá Maribeth," ó wí tààrà. "Ṣùgbọ́n ọmọ yín ló ṣe é, ó dáa, mo sì ti kọ lẹ́tà náà."

Pauline fi òjé bò ó.